Ẹ̀dọ̀ Kan fún Àwa Méjì

Ẹnikẹ́ni tó bá wá kí mi nílé wa ní Festac báyìí, ojú mi ló máa ń kọ́kọ́ wò. Kò ní tíì jókòó, kò ní tíì gba omi mu, á ti na ọrùn síwájú, á máa wá bóyá ẹyinjú mi ṣì rí bíi pupa ẹyin. Ẹ jọ̀ọ́, ó ti funfun. Ẹ yé yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ẹnu mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó lórí ìtàn yìí, torí Pásítọ̀ fẹ́ gbọ́ ọ lọ́tọ̀, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi fẹ́ gbọ́ ọ lọ́tọ̀, ìyá tó ń ta búrẹ́dì ní ẹnu ọ̀nà wa náà ní òun ò gbọ́ ọ dáadáa. Mo wá jókòó láti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá tún bi mí, ìwé yìí ni màá nà sí i.

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin. Ẹ̀yin tí mo kọ́ lẹ mọ̀ pé ẹnu mi mú. Àìsàn ò mú un kú.

Kí n tó lọ

Mẹ́dọ̀wú ló ṣe mí. Ó ti wà lára mi fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó mọ̀. Ẹ̀dọ̀ mi ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, ó ń le bíi pọ̀nmọ́ tí wọn ò sè jinná. Nígbà tí ojú mi pọ́n, wọ́n ní ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ ni, mo mu àgbo títí gbogbo oúnjẹ fi ń korò lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í kún inú mi.

Mi ò tíì lọ́kọ, ikùn sì yọ. Ẹ sáà rò ó wò! Àwọn ìyá méjì nínú ìjọ pe Mọ́mì sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní kó fẹ̀sọ̀ bá mi sọ ọ́ kí n jẹ́wọ́ ẹni tó ni í. Mọ́mì ní omi ni. Wọ́n ní àwọn náà mọ̀, ṣebí inú omi lọmọ ń gbé. Mọ́mì ò bá wọn sọ̀rọ̀ fún oṣù kan gbáko.

Dókítà tó ń tọ́jú mi ní Èkó kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní ẹ̀dọ̀ mi ti parí iṣẹ́, àfi kí wọ́n gé lára ẹ̀dọ̀ ẹlòmíràn sí mi nínú. Ó ní ẹ̀dọ̀ nìkan ni wọ́n lè gé báyẹn kó tún hù padà, ti ẹni tó fún mi á hù, tèmi náà á sì dàgbà. Wọn ò tíì máa ṣe é nílé níbí, Íńdíà ni wọ́n ti ń ṣe é. Kúnlé jókòó tì mí. "Ẹ mú tèmi," ló wí, bí ẹni tí wọ́n tọrọ bírò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ta ni Kúnlé? Àbúrò mi ni. Ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Apple Junction, ó ga, ó lè jẹun, ọ̀rọ̀ ò sì tán lẹ́nu rẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná, torí bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe sọ ọ́ nígbà tí mo dé ọ̀hún, ọ̀rọ̀ yẹn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rán mi lọ sọ́run.

Ẹ má bi mí nípa físà. Ẹ má bi mí nípa owó náà. Ilẹ̀ tí Bàbá mi fi sílẹ̀ ní Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbà lọ sí i, ìjọ dáwó, àwọn tí mo ti nà ní kíláàsì rí náà dáwó. Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín.

Lọ́jọ́ tí a ń lọ, Mọ́mì dúró ní géètì. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni Mọ́mì ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì, kì í fi ẹkún rẹ̀ han ènìyàn. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Fọkàn balẹ̀. Fẹ̀dọ̀ lórí òróòro." Àìmọye ìgbà ni mo ti fi àkànlò èdè yẹn dán àwọn ọmọ wò: kí ni ìtumọ̀ fẹ̀dọ̀ lórí òróòro? Ṣe sùúrù, má fòyà. Lọ́jọ́ yẹn mo ní, "Mọ́mì, ẹ̀dọ̀ wo?" Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú sẹ́rìn-ín. Mọ́mì ló kọ́kọ́ yí ojú kúrò.

Ìlú àwọn oníláwàní

Ìgbà ọyẹ́ la dé Delhi. Mo rò pé mo mọ ọyẹ́. Irọ́ ni! Ọyẹ́ tiwa ń ṣeré ni. Tiwọn wọ inú egungun, ó ní èéfín nínú, ó sì ń rùn bí igi tó ń jóná. Màlúù dùbúlẹ̀ sáàárín títì, ọkọ̀ ń yà fún un, kò sẹ́ni tó gbé pàṣán. Kúnlé ń wò ó bí ẹni tó ń wo ìkòkò ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀.

Wọ́n wò wá lọ, wọ́n wò wá bọ̀. Ní ìlà àwọn tó ń dúró de dókítà, obìnrin kan fi ìka ra apá mi, ó sì wo ìka náà bóyá àwọ̀ mi bá a lọ. Mo fi ìka tèmi ra apá rẹ̀ náà, mo gbé e wò dáadáa, mo ní, "Tìrẹ náà ò ṣí." Kò gbọ́ èdè, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi fún mi ní ọsàn.

Opó kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà wá sílé. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Àǹtí-jì. "Jì" yẹn, bí "ẹ" tiwa ni, ọ̀wọ̀ ni. Ẹran ò wọ ilé Àǹtí-jì láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹ̀wà ni láàárọ̀, ẹ̀wà lọ́sàn-án, àti búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan tó ń wú nínú iná. Èmi ò rojọ́, torí oúnjẹ náà dùn, inú mi ò sì gba ẹran mọ́. Kúnlé ló ń kú lọ. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ó lọ tú ẹja gbígbẹ tó fi aṣọ wé sísàlẹ̀ àpótí rẹ̀ jáde, ó sì gbé e ka iná nínú ìkòkò ìyá yìí nígbà tó lọ gbàdúrà.

Háà! Nígbà tí Àǹtí-jì wọlé, ó fi ìborí bo imú, ó ń pariwo ní èdè rẹ̀, òórùn ẹja ti dé òpópónà. Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Kúnlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì tútù. Ìyá náà rò pé ó dákú ni, ó ń sáré wá omi. Nígbà tí mo ṣàlàyé pé bí a ṣe ń bẹ àgbà nílé wa nìyẹn, ó dúró, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ tirẹ̀ náà máa ń tẹríba fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òun, ló wí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tíì na gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó sọ ìkòkò náà nù. Láti ọjọ́ náà, "bẹ́tà" ló ń pè wá, ìyẹn ọmọ mi.

Àwọn ènìyàn ibẹ̀ ní ìwà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí láìtọ́jọ́. Dókítà tó máa là mí, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tó wé láwàní, parí àyẹ̀wò, mo sì bi í pé, "Dókítà, ṣé màá yè é?" Ó mi orí sọ́tùn-ún, ó mi ín sósì, ó tún mi ín. Mo bú sẹ́kún. Ọkùnrin náà ò mọ ohun tó ṣe mí, ó tún ń mi orí láti fi tù mí nínú, mo tún ń ké sí i. Ìgbà tí a délé ni Àǹtí-jì rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ni ni orí mímì yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo

Obìnrin kan wà ní ilé ìwòsàn náà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bi ẹni tó fẹ́ fún ènìyàn ní ẹ̀dọ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Èmi ló kọ́kọ́ bi, lọ́tọ̀.

"Kí ni ọkùnrin yìí jẹ́ sí ọ?"

"Àbúrò mi ni."

"Ìyá kan, bàbá kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni." Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi Kúnlé lọ́tọ̀, ohun kan náà ni Kúnlé sọ. Ó wá tẹ́ ìwé ìrìnnà wa méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó fi bírò nà sí orúkọ ìdílé tèmi, ó nà án sí ti Kúnlé. "Bàbá kan," ló wí, "orúkọ méjì." Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà sì ti sọ fún wọn pé a kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ó pa fáìlì dé.

Ní ìlú yẹn, òfin wà. Ọmọ ìyá lè fún ọmọ ìyá, òbí lè fún ọmọ, tọkọtaya lè fún ara wọn. Ẹni tó bá yàtọ̀ sí ìyẹn gbọ́dọ̀ fojú kan ìgbìmọ̀, torí àwọn olówó ti máa ń ra ẹ̀yà ara tálákà. Àwa wá dé láti Nàìjíríà, a sì purọ́ lójú ọ̀nà àbáwọlé. Wọ́n gbà pé mo ra Kúnlé ni. Wọ́n dá iṣẹ́ abẹ náà dúró. Dókítà oníláwàní bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé òun ò lè dá sí i, àti pé ara mi ò ní lè dúró pẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí kò mi orí rárá.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbọ́ òtítọ́, torí púpọ̀ nínú yín kò mọ̀ ọ́n. Kúnlé kì í ṣe ọmọ tí Mọ́mì lóyún rẹ̀. Ọmọ Àǹtí Rẹ̀mí ni, àbúrò Mọ́mì. Àǹtí Rẹ̀mí kú nígbà tí Kúnlé ṣì ń rá, bàbá rẹ̀ gba ọ̀nà ìrìn-àjò kan lọ, a ò sì rí i mọ́. Mọ́mì pọ̀n ọ́n wá sí Festac. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò bi í, ó ní, "Ọmọ mi kejì rèé." Ó parí síbẹ̀. Bàbá mi ò tún un sọ, èmi ò tún un sọ. Kúnlé mọ̀, ó mọ ibi tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n nínú ilé wa, kéèyàn la ẹnu pè é ní ọmọ àbúrò Mọ́mì, ẹni náà ti lé e síta nìyẹn. Mo sì ti dúró níwájú kíláàsì tí mo fi yangàn pé Yorùbá ò ní orúkọ fún kọ́sìn: gbogbo wọn ni ẹ̀gbọ́n, gbogbo wọn ni àbúrò, ẹ wo bí ẹbí wa ṣe gbòòrò tó! Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìyangàn yẹn lè pa ènìyàn ní Delhi.

Àǹtí-jì gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó mi orí. "Àwa náà, bháì la ń pè é, arákùnrin. Ta ló máa pè é ní nǹkan mìíràn? Ṣùgbọ́n òfin ò gbọ́ èdè ilé, bẹ́tà. Lọ sọ ọ́ bí òfin ṣe máa gbọ́ ọ."

Mo pe Mọ́mì lórí fóònù. Ẹ̀rù bà mí ju ti ọ̀bẹ lọ. Èmi nìkan ni Mọ́mì bí, tí mo bá sọ ọ́, ó dà bí ìgbà tí mo gba ọmọ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó bi mí pé:

"Ṣé Kúnlé wà ńbẹ̀?"

"Ó wà níbí, Mọ́mì."

"Sọ ọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n kí o jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ méjì ni mo ní."

Kúnlé gba fóònù, ó ní, "Ẹ má da ara yín láàmú, Mọ́mì, ṣebí èmi náà ni." Ó jáde síta lẹ́yìn náà, kò sì wọlé bọ̀rọ̀.

Níwájú ìgbìmọ̀

Àwọn àgbà ni wọ́n, wọ́n jókòó sídìí tábìlì gígùn, wọn ò rẹ́rìn-ín. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Mo ti ń rù nígbà náà, ikùn nìkan ló kù, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni mí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń dúró níwájú ènìyàn. Mo sọ bí a ṣe jẹ́. Mo ní, "A purọ́ fún òfin yín, a ò purọ́ fún ara wa. Ẹ má bínú." Ìyá arúgbó kan láàárín wọn ní kí n sọ ohun kan fún wọn nípa ìgbà èwe wa.

Ohun tó wá sí mi lẹ́nu, ó ya èmi náà lẹ́nu. Mo ní, nílé wa, tí Mọ́mì bá pa adìẹ Kérésì, Bàbá ló ni iwe, àwa méjèèjì la sì ń jà sí ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ adìẹ kò ju ẹyọ kan lọ, ẹ̀ṣẹ́ sì ń fò lórí rẹ̀. Ni Mọ́mì bá ṣòfin: Kúnlé ni yóò gé e, èmi tí mo jẹ́ àgbà ni n ó kọ́kọ́ mú. Kúnlé á mú ọ̀bẹ, á yọ ahọ́n síta, á máa wọ̀n ọ́n bí alágbẹ̀dẹ wúrà, torí ó mọ̀ pé tó bá gé e wọ́, èyí tó tóbi ti lọ. Ọdọọdún ló ń gé e dọ́gba. Mo sì máa ń wò ó títí n ó fi rí èyí tó fi bín-ín-tín ju èkejì lọ, òun ni màá mú.

Wọ́n ní kí n jáde, wọ́n pe Kúnlé wọlé. Mo jókòó níta, mo ń gbàdúrà, àdúrà náà ò sì tò, orúkọ Jésù nìkan ni mo ń tún pè. Lójijì ni mo gbọ́ ẹ̀rín nínú yàrá náà. Ẹ̀rín ńlá!

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé, bí ìyá arúgbó yẹn ṣe sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀. Wọ́n bi Kúnlé pé èéṣe tó fẹ́ kí wọ́n gé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Kúnlé, tó máa ń pè mí ní Àǹtí, tí kò sì mọ ohun tí mo ti sọ, ní, "Ẹ̀yin àgbà, láti kékeré ni mo ti ń gé ẹ̀dọ̀, Àǹtí ló sì ń kọ́kọ́ mú. Kí ló wá yàtọ̀?"

Wọ́n fọwọ́ sí i. Ìyá náà fà mí létí díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fa ọmọdé létí. "Òtítọ́ yín dára ju irọ́ yín lọ," ló wí. "Kí ló dé tí ẹ kọ́kọ́ gbé irọ́ wá?"

Òróòro

Nípa iṣẹ́ abẹ náà, mi ò mọ nǹkan kan. Mo sùn, mo jí, rọ́bà wà ní gbogbo ibi tí rọ́bà lè wà. Ìrora náà kì í ṣe kékeré, mi ò ní tàn yín. Lọ́jọ́ tí orí mi wálé díẹ̀, dókítà oníláwàní wá, ó ní apá tó tóbi jù nínú ẹ̀dọ̀ Kúnlé ni àwọn gé fún mi, apá kékeré ló kù sí i nínú, ṣùgbọ́n yóò hù. Ó ní ohun kan tún wà: bí iṣẹ́ náà ṣe rí, àwọn ti yọ àpò òróòro kúrò nínú èmi àti Kúnlé.

"Ẹ yọ òróòro wa?"

Ó mi orí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ojú abẹ ń dùn mí, mo ń ké, mo tún ń rẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì ń sáré bọ̀. Gbogbo ọdún tí mo ti fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ! Mo pe Mọ́mì. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ̀dọ̀ ti wà o. Òróòro tí màá fi í lé ni wọ́n kó lọ."

Mọ́mì ní, "Gbé e lé Ọlọ́run lọ́wọ́ nígbà náà." Ẹkún àti ẹ̀rín wà lóhùn rẹ̀ pa pọ̀.

Kúnlé yọjú sí mi bó ṣe lè dìde, ó tẹ̀ bíi bàbá àgbà, ó ń ti òpó tí wọ́n so dírípù rẹ̀ mọ́ lọ níwájú. "Àǹtí, ẹ̀dọ̀ mi ńkọ́?"

"Ó wà. Àtàárọ̀ ló ti ń bi mí pé ìgbà wo la máa jẹun."

Oògùn kan wà tí n ó máa lò títí ayé mi, kí ara mi má baà rí ẹ̀dọ̀ náà bí àlejò kó sì lé e jáde. Mo ń lò ó, n kì í fò ó. Ṣùgbọ́n mo ti bá ara mi sọ ọ́ lóhùn rara pé kì í ṣe àlejò, ará ilé ni.

Géètì wa

Àǹtí-jì sunkún nígbà tí a ń lọ. Kúnlé tún dọ̀bálẹ̀ fún un, lọ́tẹ̀ yìí ìyá náà kò wá omi, ńṣe ló fọwọ́ lé e lórí. Nígbà tí ọkọ̀ wa dé Mazamaza tí kòtò àkọ́kọ́ gbé wa sókè, ojú abẹ dun àwa méjèèjì, a sì pariwo pa pọ̀ pé, "Ilé rèé!"

Mọ́mì wà ní géètì. Mo na ọwọ́ sí i, ó kọjá lára mi. Kúnlé ló kọ́kọ́ dì mọ́. Ó di orí rẹ̀ mú, ó ń wo ojú rẹ̀. Inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe rò lọ.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìsìn, Mọ́mì pa adìẹ. Ó sè é jinná dáadáa bí dókítà ṣe wí, ó gbé e kalẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì dá wà nínú àwo kékeré láàárín wa. Kúnlé na ọwọ́ sí ọ̀bẹ. Mo ti gbé e.

"Lónìí, èmi ni n ó gé e."

Mo gé e. Mi ò wọ̀n ọ́n, mi ò yọ ahọ́n síta. Mo ti àwo náà sọ́dọ̀ rẹ̀. Kúnlé wo àwo, ó wo mí, ó wo Mọ́mì tó ń díbọ́n bí ẹni tó ń bu ọbẹ̀.

"Àǹtí, ẹ gé e wọ́."

"Mo mọ̀. Mú."

Ó mú èyí tó tóbi, ó sì jẹ ẹ́.